Ẹ̀tù Ẹ̀ẹ̀mejì Nínú Ìkarahun Kan

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, mo sì ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìbàràpá, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìbọn fi máa ń wù mí. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki ọta nílé lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì ń fi í ki irú ọta kan tí wọ́n ń pè ní .38 Special fún revolver, ìbọn ìléwọ́ tó ní àgbá tó ń yí, tí mo máa ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń da ẹ̀tù sínú ọgọ́rùn-ún ìkarahun, ìyẹn ife idẹ kékeré tó ń gba ẹ̀tù, nígbà tí ìyá mi pè láti ilé. A sọ̀rọ̀ tán, mo padà sídìí tábìlì, mo parí iṣẹ́, mo sì fi ọta dé gbogbo wọn lórí. Ìgbà tí mo fẹ́ sùn ni mo tó rí i pé n kò lè búra pé n kò da ẹ̀tù sí àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé mo lè wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n fi mọ èyí tó wúwo jù? Kí ni mo sì lè ṣe tí irú rẹ̀ kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Àbúrò mi, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn. Má yìn ọ̀kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún náà. Wíwọ̀n wọn kò lè gbà ọ́. Kó gbogbo wọn sínú àpótí kan, kọ "MÁ YÌN" gàdàgbà sí i lára, gbé e sí ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní dé. A ó tú wọn ni. Màá sọ bí a ṣe ń tú u kí n tó dákẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìdí tí òṣùwọ̀n kò fi lè ràn ọ́ lọ́wọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà.

Wo ohun tí o fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n. Ọta òjé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún .38 Special máa ń wọ̀n gréènì 158. Ìkarahun idẹ rẹ̀ kò jìnnà sí gréènì 70. Gréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà ohun kékeré là ń sọ. Ẹ̀tù tó wà láàárín ọta àti ìkarahun ńkọ́? Tó bá jẹ́ irú ẹ̀tù tó ń yára jó bíi Bullseye tàbí Titegroup, nǹkan bíi gréènì 3 sí 4 ni. Ṣùgbọ́n ọta òjé méjì tó ti inú páálí kan náà jáde lè fi gréènì kan tàbí méjì ju ara wọn lọ. Ìkarahun ilé-iṣẹ́ kan lè fi gréènì mélòó kan wúwo ju ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí a ń ṣà nílẹ̀ ní pápá kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Torí náà, ìkarahun fífúyẹ́ àti ọta fífúyẹ́ tó gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì lè wọ̀n bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ìkarahun tó wúwo tó gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kan. Òṣùwọ̀n rẹ lè dára bí ó ti wù kó dára, ìbéèrè tí o fẹ́ bi í ni kò lè dáhùn.

Ká ní ìbọn gígùn .30-06 lò ń ki ni, ọ̀rọ̀ ò bá yàtọ̀. Ẹ̀tù tó ń lọ sínú ìyẹn lè tó gréènì 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkarahun náà. Bí o bá dà á lẹ́ẹ̀mejì, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, yóò tú sórí tábìlì, ìwọ náà yóò sì rí i kí o tó gbé ọta. Ìkarahun .38 Special kò ní irú ẹ̀rí yìí. Ọdún 1898 ni ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson gbé e jáde, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n sì ṣe é fún, nǹkan bíi gréènì 21. Ìyẹn ló ṣe gùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín gba ipò ẹ̀tù dúdú, ìkarahun kò kúrú, ẹ̀tù ló kéré. Ohun tó kù nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ òfìfo, òfìfo náà sì gba ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀mejì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tilẹ̀ lè gba ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú àwọn ẹ̀tù tó ki jù, ọta á sì wọlé sórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nínú gbogbo ọta tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè fi bẹ̀rẹ̀, èyí ló rọrùn láti ki, òun náà ló sì lè fi àṣìṣe pamọ́ jù.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bàbá rẹ díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ohun tí ojú wa ti rí nílé máa ń bá wa dé ìdí tábìlì níbí. Ẹ̀tù dúdú ni ọdẹ fi ń ki ìbọn ṣakabùlà: èédú, imí-ọjọ́ àti náítíréètì. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọdẹ tó bá fẹ́ kí ìbọn òun dún gan-an a fi díẹ̀ kún un, bó bá sì jẹ́ ìbọn gidi, èjìká rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Àwọn kan ti fi ìka san gbèsè irú ẹ̀ o, gbogbo ọmọ ọdẹ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ń jẹ́ kí èèyàn fi ojú wọ̀n ọ́n kó sì tún padà wálé. Ẹ̀tù aláìléèéfín kò fún èèyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Paul Vieille, ló ṣe é ní 1884 láti ara nitrocellulose, àwọn mìíràn sì ti fi nitroglycerin kún tiwọn. Ìwà rẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: bí ipá inú ìkarahun bá ṣe ń ga sí i ni ẹ̀tù náà ń yára jó sí i, bó bá sì ṣe ń yára jó sí i ni ipá tún ń ga sí i. Nítorí náà, ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀mejì kì í mú ipá ẹ̀ẹ̀mejì wá. Ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. SAAMI, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò òṣùnwọ̀n àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà láti 1926, fi òpin ipá inú .38 Special sí psi 17,000 (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan). Bí ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀mejì bá jó nínú rẹ̀, àgbá revolver tí wọ́n ṣe fún ìyẹn lè là sí méjì, kí irin tó dábùú orí rẹ̀ sì fò kúrò. Ojú rẹ àti ojú ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni yóò fò sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyí. Ó ti tó ọdún méjìlá báyìí. Revolver .38 bíi tìrẹ ni mo gbé lọ sí pápá, pẹ̀lú àádọ́ta ọta tí mo fi ọwọ́ ara mi ki. Mẹ́jọ dún dáadáa. Ẹ̀kẹsàn-án sọ pé "pòfù", bí ẹni ṣí ìdérí ìgò. Ìka mi ti ń fa ohun ìyìnbọn padà fún ẹ̀kẹwàá nígbà tí ọkùnrin tó ń bójú tó pápá náà di ọrùn ọwọ́ mi mú, tó pariwo pé kí n dúró. A ṣí ìbọn náà, a kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, a sì wo inú ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn la rí. Ìkarahun náà kò ní ẹ̀tù kankan. Práímà nìkan, ohun kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù, ló ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, ọta sì dúró síbẹ̀. Ká ní mo yin ẹ̀kẹwàá, ọta kan ì bá lọ gbá ọta tó há mọ́nú irin.

Ìbọn ìléwọ́ tó ń fi agbára ẹ̀tù ti ara rẹ̀ padà sábà máa ń dáwọ́ dúró bí ẹ̀tù kò bá sí, ìdádúró yẹn a sì ta èèyàn jí. Revolver kì í dúró. Ìka rẹ ló ń yí àgbá rẹ̀, torí náà ìwọ nìkan lo lè dá a dúró. Bí ìró rẹ̀ bá yàtọ̀, bó bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, dáwọ́ dúró, kọ ẹnu ìbọn síwájú, tú u, wo inú ọ̀pá. Má jẹ́ kí ojú àwọn tó wà níbẹ̀ tì ọ́. Ọ̀pá idẹ àti òòlù ni a fi ti tèmi jáde lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lójú jù kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo délé, mo tú ọta mọ́kànlélógójì tó kù, mo sì wọn ẹ̀tù inú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ogójì pé gẹ́lẹ́. Ọ̀kan gba ẹ̀ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi ti fo ìkarahun kan, ó sì padà sórí aládùúgbò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí pé bí ọ̀kan bá ṣófo, èyí tó gba ìpín rẹ̀ lè wà nínú páálí kan náà. Ìbọn tó sọ pòfù lè jẹ́ ìkìlọ̀ nípa ìbọn tí yóò fọ́.

Nígbà tí mo ń da ẹ̀tù ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mi ò mu ọtí. Mo ń ṣọ́ra, tàbí kí n sọ pé mo gbà pé mò ń ṣọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà gbọ́ nìyẹn, àbúrò mi: ìṣọ́ra kò tó. Ọwọ́ tó ń ṣe ohun kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún yóò sùn lórí iṣẹ́ nígbà tí ojú ṣì là sílẹ̀. Tábìlì rẹ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ṣètò rẹ̀ kí àṣìṣe má ríbi wọlé, èyí tó bá sì wọlé, kó hàn kí ọta tó dé e lórí.

Ìkarahun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Pákó oníhò àádọ́ta kan wà tí wọ́n ń tà, tàbí kí o lu ihò sí pákó fúnra rẹ. Gbogbo ìkarahun tí kò tíì gba ẹ̀tù gbọ́dọ̀ dojú dé nínú rẹ̀. Wọ́n dojú dé, ẹ̀tù kò sì lè wọ inú ohun tó dojú dé. Mú ọ̀kan, yí i padà, da ẹ̀tù sí i, kí o sì gbé e kalẹ̀ sínú pákó kejì, ẹnu rẹ̀ lókè. Pákó méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Apá òsì fún òfo, apá ọ̀tún fún èyí tó ti gbà. Bí ọwọ́ rẹ bá sùn lórí iṣẹ́, ibi tí ìkarahun wà àti ibi tí ó kọ ẹnu sí ni yóò sọ ipò rẹ̀ fún ọ. Ìwọ kò ní láti rántí ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì. Kí o tó fi ọta kankan lé e, tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo àádọ́ta náà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òkè tààrà. Má wò ó bóyá ẹ̀tù wà níbẹ̀, torí "ó wà níbẹ̀" kò tó. Fi èyí wé èyí. Ojú èèyàn kò lè wọn gréènì mẹ́ta, ṣùgbọ́n kíákíá ló ń rí èyí tó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tàbí èyí tó jìn. Èmi máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń yí pákó náà padà kí n tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kí ojú mi má bàa kàn ka ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣe mí ní iyèméjì, mi ò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, mo máa dà á padà ni, màá sì tún un wọ̀n.

Irú ẹ̀tù tí o yàn náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ronú sí i. Bullseye jẹ́ ẹ̀tù rere, àwọn tó ń yìnbọn fún ìdíje ti fẹ́ràn rẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ̀nba rẹ̀ sì ni wọ́n ń lò, ìyẹn ló ń mú kí agolo kan pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń pẹ́ lápò yìí ni kò hàn lójú. Bí o bá ṣì ń kọ́ṣẹ́, wá ẹ̀tù tó fúyẹ́ tó sì gba àyè, tí ìpín kan rẹ̀ yóò kún apá tó pọ̀ nínú ìkarahun, kí ìpín méjì lè tú sílẹ̀ tàbí kí ó sún mọ́ ẹnu dé ibi tí ojú kò lè fò ó. Trail Boss ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gan-an, hóró rẹ̀ rí bí òrùka kéékèèké, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Unique náà gba àyè ju Bullseye lọ. Ṣí ìwé ìlànà rẹ, wo àwọn tí wọ́n kọ fún ọta rẹ gan-an, kí o sì yan nínú wọn èyí tó kún ìkarahun jù. Mo mọ̀ pé yóò ná ọ ní owó díẹ̀ sí i lórí ọta kọ̀ọ̀kan. San án.

Nípa fóònù, mo mọ̀ bó ṣe rí. Aago mẹ́ta ọ̀sán Houston nígbà ooru ti Amẹ́ríkà (summer) jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ nílé, ìgbà tí ìyá ẹni máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni kó tó sùn nìyẹn. Èmi kò ní kí o má gbé e. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí fóònù wà ní yàrá mìíràn nígbà tí ẹ̀tù bá wà lórí tábìlì, bí ẹnikẹ́ni bá sì wọlé, bí ọmọ bá ké, bí ilẹ̀kùn bá dún, ohun kan ṣoṣo ló wà láti ṣe nígbà tí o bá padà: gbogbo ìkarahun tó wà nínú pákó ọ̀tún tí kò tíì gba ọta, da ẹ̀tù wọn padà sínú ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀tù, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Gbogbo wọn ni mo wí. Má gbìyànjú láti rántí ibi tí o dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà ọ́, ọgọ́rùn-ún tó wà nínú àpótí rẹ báyìí yóò gbà ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ àtijọ́ lo rà, nítorí náà mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ èyí tó ní apá gígùn pẹ̀lú òkúta ìwọ̀n tó ń rìn lórí ìlà, àṣìṣe rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni pé òkúta ńlá bọ́ sí ihò tó tẹ̀lé ibi tó yẹ. Ihò kan ṣoṣo lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ gréènì 5. Lórí ọta tó yẹ kó gba gréènì 3 àti ààbọ̀, ìyẹn sọ ọ́ di gréènì 8 àti ààbọ̀, òṣùwọ̀n yóò sì dúró gbọnrangandan bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, wo ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Gíráàmù kan ju gréènì 15 lọ, bọ́tìnì kékeré kan ló sì ń yí ọ̀kan sí èkejì. Jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú bíi ogún kí o tó gbà á gbọ́, pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, torí afẹ́fẹ́ lásán ń tì í. Ra àwọn òkúta ìdánwò tí ìwọ̀n wọn dájú. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, gbé òkúta tó sún mọ́ ìwọ̀n ẹ̀tù rẹ lé e, kí o tún gbé e lé e nígbà tí o bá dé àárín, àti nígbà tí o bá parí. Òkúta ńlá tí wọ́n sábà ń kó pọ̀ mọ́ ọn kò lè sọ fún ọ bóyá gréènì 3 pé. Tí òṣùwọ̀n bá sì yà kúrò lójú òtítọ́ láàárín iṣẹ́, gbogbo ohun tó ti kọjá láti ìdánwò tó kẹ́yìn di iyèméjì nìyẹn.

Ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀tù tí a fi ń da ẹ̀tù láìwọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ó dára, bí o bá fa ọwọ́ rẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo. Da mẹ́wàá àkọ́kọ́ padà, jẹ́ kí ẹ̀tù inú rẹ̀ sinmi. Lẹ́yìn náà wọn mẹ́wàá pa pọ̀, fi mẹ́wàá pín in, kí o sì tún máa wọn ọ̀kan nínú mẹ́wàá bí o ṣe ń lọ. Ẹ̀tù tó rí bí igi tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tó wà fún ìbọn gígùn, lè dábùú nínú ihò tóóró tó ń bá jáde: ìkarahun kan á gba ìdajì, ìdajì tó há á já sínú èyí tó tẹ̀lé e. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá gbọ̀n lọ́nà tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, dúró, da ìkarahun yẹn àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ nù.

Nípa ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí mo gbàdúrà pé kí o má tíì rà á. Lórí àwọn kan bíi Dillon 550, ọwọ́ rẹ ni yóò máa yí ìkarahun lọ sí ipò tó kàn, bí o bá sì gbàgbé tí o tún tẹ̀ ẹ́, ìkarahun kan náà ni yóò gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń yí fúnra wọn dín ewu yìí kù, wọn kò pa á. Ní ìgbà tí o bá máa fẹ́ irú rẹ̀, ra ohun tó ń yẹ ẹ̀tù wò mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ RCBS ṣe èyí tó ń dá ẹ̀rọ dúró bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tàbí kò tó.

Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Àwọn yòókù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tìpa. Kọ orúkọ ẹ̀tù náà sórí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀tù, bí iṣẹ́ bá sì parí, da ohun tó kù nínú ẹ̀rọ padà sínú agolo rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀tù tó bá sùn sínú ẹ̀rọ di ẹ̀tù tí kò lórúkọ. Orúkọ wọn sì máa ń tan èèyàn jẹ: H4831 àti IMR 4831 kì í ṣe ohun kan náà, èkejì ń yára jó ju àkọ́kọ́ lọ, nọ́ńbà wọn nìkan ló jọra. Ka gbogbo orúkọ tó wà lára agolo, lẹ́tà àti nọ́ńbà, kí o ka tinú ìwé, kí o sì kà á sókè. Bí bàbá tó ta ẹ̀rọ fún ọ bá fi agolo tó ti ṣí kún un, má lò ó, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó, torí o kò mọ ohun tó ti kó sínú rẹ̀ rí. Èyí tó bá ń rùn bí ásíìdì tàbí tó ní eruku pupa ti bàjẹ́. Fọ́n ọn ká fẹ́ẹ́rẹ́ sórí koríko níbi tí ajá àti ọmọdé kò dé.

Iye ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ìwé ìlànà àti ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà ni kí o ti mú un, méjèèjì, kí o sì rí i pé wọ́n sún mọ́ra. Má gba iye lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, títí kan èmi. Ìdí tí mi ò fi kọ iye tí wàá lò fún ọ níbí nìyẹn; àpẹẹrẹ lásán ni àwọn gréènì tí mo dárúkọ lókè. Bẹ̀rẹ̀ ní iye ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ, tàbí kí o yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú iye tó ga jù, kí o sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí o bá yí ọta padà, tàbí práímà, tàbí irú ìkarahun, padà sí ìsàlẹ̀. Má sì rò pé dídín ẹ̀tù kù ni ààbò nígbà gbogbo: ilé-iṣẹ́ Hodgdon kìlọ̀ pé kí a má ṣe dín ẹ̀tù wọn tó ń jẹ́ H110 kù ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí bí kò bá tó, ó lè máà jó dáadáa kí ọta sì há.

Òfin kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ní Amẹ́ríkà, o kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ láti ki ọta tí ìwọ fúnra rẹ yóò yìn, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ máa tà á, o nílò rẹ̀. Ìwọ ti di ọmọ onílùú, kò sí wàhálà. Àwọn àbúrò tó wà lórí físà ilé-ìwé tàbí ti ìbẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ wá bá ọ ṣeré nídìí tábìlì, kìlọ̀ fún wọn: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ọ̀pọ̀ wọn láyè láti ní ọta lọ́wọ́ pàápàá, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, òfin ìbọn ti 1959 kò fàyè gba kí èèyàn jókòó sílé máa ṣe ọta. Má kó ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sílé fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọgọ́rùn-ún tó wà nínú àpótí. Òòlù oníke kan wà tí wọ́n fi ń tú ọta, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ìkarahun á wọ orí rẹ̀, wàá wọ gíláàsì ojú, wàá sì gbá a mọ́ igi líle lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta títí ọta yóò fi já sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù. Má lù ú mọ́ irin ẹ̀rọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì ọ́. Práímà ṣì wà láàyè nínú ìkarahun, má fi agbára yọ ọ́. Fi í sílẹ̀ síbẹ̀, o lè tún ìkarahun náà lò. Da ẹ̀tù inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n níkọ̀ọ̀kan, kí o kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, láti 1 dé 100. Ohun tí òṣùwọ̀n kò lè sọ fún ọ nígbà tí ọta wà lórí rẹ̀, yóò sọ ọ́ báyìí. Bí o bá rí èyí tó ṣófo, máa wá ẹnì kejì rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sì pé, tú wọn dé ìkẹyìn síbẹ̀, má dúró ní ọgọ́ta torí pé ọgọ́ta dára.

Ọ̀sán kan ni yóò gbà ọ́. Pe ìyá rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀.